Kátárátì Lójú Ọmọdé àti Dídènà Ìfọ́jú Tó Ṣeé Yẹra Fún

Kátárátì ni kí lẹ́ǹsì inú ojú, tó yẹ kó mọ́ gaara, di funfun tàbí kó ṣú, débi pé ìmọ́lẹ̀ kò ráyè gbà á kọjá mọ́. Ẹ̀yìn ọmọlójú, ìyẹn ojú ihò dúdú kékeré tó wà láàárín ẹyinjú, ni lẹ́ǹsì yìí wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan lórí awọ tó tẹ́ sí ẹ̀yìn ẹyinjú lọ́hùn-ún, níbi tí iṣan ojú ti ń gba ìran tí ó sì ń gbé e lọ sí ọpọlọ. Lára àgbàlagbà, ọjọ́ orí ló sábà máa ń fa kátárátì, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi kà á sí àìsàn arúgbó. Ṣùgbọ́n ọmọ lè gbé e wáyé láti inú ìyá rẹ̀. Ó lè yọ lójú rẹ̀ nígbà tó bá pé ọmọ oṣù díẹ̀. Ó sì lè yọ lójú ọmọ ọdún méje lẹ́yìn tí igi bá gún un lójú. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò VISION 2020 ní 1999, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ọmọdé tó fọ́jú lágbàáyé tó 1,400,000, àti pé ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà, níbi tí ìṣẹ́ ti pọ̀, ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Kátárátì wà lára àwọn ohun tó ń fa ìfọ́jú wọn tí ó ṣeé wò.

Ọ̀tọ̀ ni ti ọmọdé, ọ̀tọ̀ ni ti àgbàlagbà. Àgbàlagbà tí kátárátì bò lójú lè fi ọdún mélòó kan dúró kó tó ṣe iṣẹ́ abẹ, kó sì tún ríran padà, nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ ti mọ ìran wíwò tipẹ́. Ọmọ tuntun kò tíì mọ̀ ọ́n. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dáyé ni ọpọlọ rẹ̀ ti ń kọ́ bí a ṣe ń ka ohun tí ojú ń rán sí i, ó sì ń bá ẹ̀kọ́ náà lọ títí di nǹkan bí ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ. Ọ̀nà tó so ojú mọ́ ọpọlọ dà bí ọ̀nà oko: ẹsẹ̀ ló ń là á, bí ẹsẹ̀ kò bá sì tọ̀ ọ́, igbó á bò ó. Bí kátárátì bá dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ní àkókò ẹ̀kọ́ yìí, ọpọlọ á pa ojú náà tì. Bí wọ́n bá wá yọ kátárátì náà lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ojú á mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ọmọ lè má ríran tó láti fi kàwé.

Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn ojú ọmọdé fi ń ka ọ̀sẹ̀, tí wọn kì í ka ọdún. Bí ó bá jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni kátárátì líle wà láti ìgbà ìbí, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló dára jù láti yọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ojú méjèèjì, kò yẹ kó kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Wọn kì í sábà ṣe é kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí pé iṣẹ́ abẹ tó bá yá jù máa ń mú kí ìfúnpá inú ojú ru sókè lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, èyí tó lè ba iṣan ojú jẹ́. Àlàfo tó wà láàárín yíyá jù àti pípẹ́ jù kò fẹ̀ rárá.

Ohun tó ń fa kátárátì lójú ọmọdé pọ̀. Àkọ́kọ́ ni àìsàn tó bá mú ìyá nínú oyún, èyí tí rubella jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú rẹ̀. Rubella máa ń mú ara gbóná díẹ̀, nǹkan a sì sú síni lára, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó ti lọ. Ìyá lè má tilẹ̀ rántí pé ó ṣe òun. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú un láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí oyún dé, kòkòrò rẹ̀ lè wọ inú ọmọ, kí ó ba ojú, etí àti ọkàn rẹ̀ jẹ́. Norman Gregg, oníṣègùn ojú kan ní Sydney ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ló kọ́kọ́ fi èyí hàn ní 1941, nígbà tó rí i pé àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n ń gbé wá fún òun nítorí kátárátì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí rubella sì ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wọn nínú oyún.

Èkejì ni àjogúnbá. Àwọn ìdílé kan wà tí kátárátì ọmọdé ń bá rìn láti ìran dé ìran, tí bàbá tàbí ìyá tó ní i fi lè bí ọmọ méjì kí ọ̀kan nínú wọn ní i. Ó tún máa ń bá àwọn àbùdá ara mìíràn rìn, irú bíi ti àwọn ọmọ tó ní àbùdá Down (Down syndrome). Ẹ̀kẹta ni oògùn: oògùn tó ní steroid nínú, bóyá ti lílò fún ojú tàbí ti gbígbé mì, lè fa kátárátì bí wọ́n bá lò ó pẹ́ láìsí dókítà tó ń bójú tó o. Ẹ̀kẹrin ni ìpalára. Lójú ọmọ tó ti ń lọ sí ilé ìwé, ìpalára ni ohun tí oníṣègùn sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ọmọ kan á fi igi ìgbálẹ̀ ṣe ọfà. Òmíràn á fi rọ́bà ta òkúta sí ẹyẹ kó ba ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀ka igi á ta sí ojú ọmọ tó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ ṣẹ́gi. Pẹ́ńsù á gún ojú ní kíláàsì, pàṣán olùkọ́ á ṣèèṣì bá a, báńgà á bú gbàù síni lójú nígbà ọdún Kérésìmesì tàbí Iléyá. Àwọn kan tún wà tí oníṣègùn kò rí ìdí kankan fún, pàápàá èyí tó bá wà lójú kan ṣoṣo. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tí í ṣe èpè tàbí ìjà ayé, kò sì sí ohun tí ìyá jẹ tàbí tó wò nínú oyún tó sọ ojú ọmọ di funfun.

Àmì àkọ́kọ́ ni ọmọlójú tó yẹ kó dúdú, tó wá funfun tàbí tó rí bí eérú. Bí àwọ̀ náà bá wà lórí ẹyinjú níwájú, àpá ni, kì í ṣe kátárátì; ti kátárátì wà nínú, lẹ́yìn ihò dúdú náà. Àwọn àmì mìíràn ni pé kí ọmọ oṣù mẹ́ta má tíì máa wo ojú ìyá rẹ̀ tàbí kó má fi ojú tẹ̀ lé ohun tó ń lọ níwájú rẹ̀. Kí ẹyinjú máa gbọ̀n, kó máa lọ kó máa bọ̀ láìdúró. Kí ojú kan máa wo ọ̀tún nígbà tí èkejì ń wo iwájú. Kí oòrùn máa ni ọmọ lára jù. Ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ lè máa kọsẹ̀ nírọ̀lẹ́, kó máa gbé ìwé sún mọ́ imú, tàbí kó máa sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Fọ́tò tí wọ́n bá fi iná fóònù yà lè fi ojú kan hàn ní pupa, kí èkejì funfun. Ọmọlójú funfun lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ inú ojú pẹ̀lú, èyí tó máa ń mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó sì lè pa á bí wọn kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ọmọ tó ní àmì yìí tó yẹ kí wọ́n ní kó lọ dàgbà díẹ̀ kí ó tó padà wá.

Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní ilẹ̀ Àkókó, Ìpínlẹ̀ Ondo, bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ tuntun ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni nọ́ọ̀sì ilé ìlera alábọ́dé, nítorí pé káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ti pàṣẹ pé kí ìyá gbé ọmọ wá nígbà tó bí i, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀sẹ̀ kẹfà àti ọ̀sẹ̀ kẹwàá bọ́ sínú àlàfo tí iṣẹ́ abẹ kátárátì nílò gan-an. A kò nílò láti dá ọjọ́ tuntun sílẹ̀ láti yẹ ojú ọmọ wò; ohun tó kù ni kí ẹni tó ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀ wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú yàrá tí kò mọ́lẹ̀ jù, wọ́n á tan iná kékeré inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò sí ojú méjèèjì láti ibi tó jìnnà tó gígùn apá kan. Ojú tó dára á dá ìmọ́lẹ̀ náà padà ní pupa rúsúrúsú, lọ́gbọọgba ní ojú méjèèjì. Bí ọ̀kan bá ṣókùnkùn, bí ó bá funfun, tàbí bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ọmọ gbọ́dọ̀ lọ rí dókítà ojú lọ́sẹ̀ náà. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì St Andrews ní ilẹ̀ Scotland ti ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan tí kò wọ́n, tí wọ́n pè ní Arclight. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń fún un lágbára, èyí sì mú kó wúlò níbi tí iná mọ̀nàmọ́ná ti ń ṣe ségesège.

Ìgbà tí àmì yọ sí ìgbà tí ọmọ dé iwájú dókítà ni ọ̀pọ̀ ojú ti ń ṣòfò. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn ọmọ tí wọ́n gbé wá fún iṣẹ́ abẹ kátárátì ní Tanzania fi hàn pé jíjìnnà ilé sí ilé ìwòsàn àti ìṣẹ́ tó ń bá ìyá fínra wà lára ohun tó ń fa ìdádúró. Àkókó náà ní tirẹ̀. Àwọn ìlú ibẹ̀ tú káàkiri àárín òkè, àwọn ìyá kan sì ní láti ti abúlé gun ọ̀kadà kí wọ́n tó dé ibi tí ọkọ̀ ti ń gbé èrò. Èdè àti ẹ̀ka-èdè tí àwọn ìlú náà ń sọ yàtọ̀ síra, tí Àrìgìdì kò fi sọ̀rọ̀ bí Ìkàrẹ́, tí Ìkàrẹ́ kò sì sọ̀rọ̀ bí Ọ̀kà. Ìkìlọ̀ tí kò bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ọjà ní èdè tí àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ ń sọ nínú ilé kò tíì dé ibi tó ń lọ. Ìdádúró kejì ni oògùn tí kò ṣiṣẹ́. Kò sí oògùn ojú, àgbo, omi ewé, omi ọyàn tàbí ìtọ̀ tó lè yọ kátárátì. Èyí tí wọ́n bá kán sí ojú ọmọ lè mú kí ojú náà kẹ̀, kí àìsàn tó ṣeé wò di èyí tí kò ṣeé wò mọ́. Oògùn ojú tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì náà lè ní steroid nínú.

Láti Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà, ìrìn àjò ìtọ́jú pín sí ìpele mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ilé ìlera alábọ́dé ní àdúgbò, níbi tí wọ́n ti yẹ ojú wò tí wọ́n sì kọ ìwé fún ìyá láti lọ síwájú. Èkejì ni ilé ìwòsàn ìjọba: ilé ìwòsàn àkànṣe ti ìpínlẹ̀ ní Ìkàrẹ́, ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìwàrò-Ọ̀kà, tàbí Federal Medical Centre ní Ọ̀wọ̀, tí ẹni tó ń ti Ìkàrẹ́ bọ̀ ń gba Àkùngbá lọ síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ilé ìwòsàn ńlá tó ní dókítà ojú ọmọdé. Iṣẹ́ abẹ ojú ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kì í ṣe ohun tí gbogbo ilé ìwòsàn tó ń yọ kátárátì arúgbó lè ṣe. Ó ń fẹ́ oníṣègùn tó mọ bí a ṣe ń fún ọmọ tuntun ní oògùn oorun, ẹ̀rọ tó kéré tó bá ojú rẹ̀ mu, àti nọ́ọ̀sì tó ti mọ ìtọ́jú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ètò VISION 2020 dábàá pé kí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ kan wà fún mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì bíi UCH ní Ìbàdàn, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ àti LUTH ní Èkó ni wọ́n sábà máa ń darí àwọn òbí sí. Ó sàn kí nọ́ọ̀sì tó kọ ìwé pe ilé ìwòsàn náà lórí fóònù kí ìyá tó wọkọ̀, kí ó mọ ọjọ́ tí wọ́n ń rí aláìsàn ojú ọmọdé àti ohun tí wọ́n máa gbà, nítorí ìyá tó bá ti ná owó ọkọ̀ lọ lásán nígbà àkọ́kọ́ lè má padà mọ́.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n máa ń fún ọmọ ní oògùn oorun kó lè sùn pátápátá. Dókítà á ya ojú kékeré sí etí ẹyinjú, á ṣí àpò tó bo lẹ́ǹsì, á sì fa lẹ́ǹsì tó ti bàjẹ́ náà jáde. Ti ọmọdé rọ̀ ju ti àgbàlagbà lọ, kì í le láti fà. Lẹ́yìn náà á ṣí ẹ̀yìn àpò náà pẹ̀lú, á sì mú díẹ̀ kúrò nínú ohun kíki tó kún inú ẹyinjú, nítorí bí wọn kò bá ṣe é lára ọmọ kékeré, ojú náà á tún bò láìpẹ́. Bí kátárátì bá wà lójú méjèèjì, wọ́n sábà máa ń ṣe ọ̀kan kí wọ́n tó ṣe èkejì lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ lè gba lẹ́ǹsì àtọwọ́dá sínú ojú lójú ẹsẹ̀. Ní ti ọmọ ìkókó, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lára ọmọ 114 ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún márùn-ún, àwọn tí wọ́n fi lẹ́ǹsì sí lójú kò ríran ju àwọn tó lo lẹ́ǹsì àlẹ̀mójú lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ní lẹ́ǹsì nínú ojú ló padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ jù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ dókítà fi máa ń fún ọmọ ìkókó ní awò nípọnnípọn, kí wọ́n tó fi lẹ́ǹsì sí i nígbà tó bá dàgbà.

Iṣẹ́ abẹ kì í ṣe òpin ìtọ́jú. Ojú tí kò ní lẹ́ǹsì mọ́ kò lè kó ìmọ́lẹ̀ jọ fúnra rẹ̀, awò ló ń bá a ṣe é. Ojú ọmọ ń dàgbà, nítorí náà awò náà á máa yí padà lọ́pọ̀ ìgbà ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Awò tó sọnù tàbí tó fọ́ tí wọn kò pààrọ̀ ń dá ọmọ padà sí ibi tó wà kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Bí ó bá jẹ́ ojú kan ni wọ́n ṣe, òbí á máa bo ojú tó dára fún iye wákàtí tí dókítà bá sọ lójoojúmọ́, kí ọpọlọ má bàa gbára lé e kó sì pa èkejì tì. Ọmọ á sunkún, á fa ìbòjú náà yọ, àwọn aládùúgbò á sì máa bínú sí ìyá pé ó ń fìyà jẹ ọmọ. Kí a ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá ọkọ, bàbá ọmọ àti olùkọ́ ṣe pàtàkì bí awò náà fúnra rẹ̀. Dókítà á tún máa yẹ ìfúnpá ojú ọmọ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìpínlẹ̀ Ondo ti ní àpẹẹrẹ bí a ṣe ń tẹ̀ lé ìyá àti ọmọ dé ilé. Nínú ètò Abíyè, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní 2009, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń bẹ àwọn aboyún wò láti ilé dé ilé, wọ́n sì ń fi fóònù bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀nà kan náà lè ṣiṣẹ́ fún ọmọ tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú: ẹnìkan ní àdúgbò tó mọ orúkọ rẹ̀, tó mọ ọjọ́ tó yẹ kó padà sí ilé ìwòsàn, tó sì ń béèrè nípa awò rẹ̀.

Kátárátì nìkan kọ́ ló ń fọ́ ọmọ lójú. Èèyi àti àìtó fítámì A ti ba awọ iwájú ẹyinjú ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́ ní Nàìjíríà. Oyin Olurin, oníṣègùn ojú ní UCH, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí ohun tó ń fa ìfọ́jú àwọn ọmọ Nàìjíríà ní 1970. Àpá tó kù lórí awọ yẹn ṣòro láti wò, ṣùgbọ́n dídènà rẹ̀ kò nira. Abẹ́rẹ́ èèyi ti wà ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ń fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí mọ́kànlá ní fítámì A ìwọ̀n 100,000 IU, ọmọ ọdún kan sí márùn-ún sì ń gba 200,000 IU ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Nínú oúnjẹ, epo pupa tí wọn kò yọ́ títí tó fi funfun, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ, máńgòrò, ẹyin àti ẹ̀dọ̀ ló ní in. Ọmọ tí èèyi bá mú kò gbọ́dọ̀ ṣe ààwẹ̀ oúnjẹ, kò sì gbọ́dọ̀ sí ẹni tó máa kán omi ewé sí i lójú. Fítámì A ni wọ́n ń fún un ní ilé ìwòsàn.

Ní ti rubella, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tó pa á pọ̀ mọ́ èèyi ní oṣù Kẹwàá 2025, fún àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án títí dé ọdún mẹ́rìnlá. Wọn kì í fún aboyún ní abẹ́rẹ́ yìí. Ọmọbìnrin tó bá gbà á lónìí ni ọmọ tí òun náà máa bí lọ́la á jèrè rẹ̀. Ewu mìíràn tún wà: ojú ọmọ tuntun tó bá ń yọ ọyún láàárín ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ lè jẹ́ nítorí àtọ̀sí tó wà lára ìyá, ó sì lè fọ́ ojú náà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìtọ́jú aboyún kó tó bímọ àti oògùn tí wọ́n ń fi sí ojú ọmọ nígbà tó bá dáyé ló ń dènà rẹ̀. Bí nǹkan bá gún ọmọ lójú, kí wọ́n má fi ọwọ́ tẹ ojú náà, kí wọ́n má fi omi gbígbóná tàbí oògùn ìbílẹ̀ sí i, kí wọ́n fi nǹkan líle bò ó láìjẹ́ kó kan ẹyinjú, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ọmọ bá wọ ilé ìwé, olùkọ́ á tún di ẹni tó ń ṣọ́ ojú rẹ̀. Ọmọ tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ kátárátì yẹ kó jókòó níwájú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, kó sì máa lo awò rẹ̀ láìsí ẹni tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ojú kò bá ríran tó lẹ́yìn gbogbo ìtọ́jú, awò tí ń mú nǹkan tóbi àti ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi lè tó fún un láti kàwé. Èyí tí kò bá ríran rárá lè kọ́ Braille. Pacelli School for the Blind ní Sùúrùlérè ní Èkó ti ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láti 1962, kọ́lẹ́ẹ̀jì àkànṣe ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1977 sì ń kọ́ àwọn olùkọ́ tó máa kọ́ wọn. Bí òbí bá ti tètè mú ọmọ náà lọ sí irú ilé ìwé bíi Pacelli, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ti kíláàsì rẹ̀ kò ní jìnnà síra.